Sísì Kan Láyé Ọjọ́un

 

Ṣé ẹ rántí? Bí tísà bá ti fẹ́ bá wa wí, wọ́n á ní, “In the good old days.” Àwa náà, bí wọ́n bá ní ká kọ àròkọ, “In days of yore” la fi ń bẹ̀rẹ̀, kí máàkì lè pọ̀. Kí ni ń jẹ́ “yore”? A ò mọ̀ ọ́n!

Ṣùgbọ́n àwọn Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ tí ẹni tí kò kàwé pàápàá fi ń sọ ti àtijọ́: tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Tọ́rọ́ jẹ́ pẹ́nì 3, sísì jẹ́ pẹ́nì 6, pẹ́nì 12 ló wà nínú ṣílè. Ní January 1, 1973, náírà gbapò wọn. Ṣílè 10 di náírà 1. Síbẹ̀, ẹnu ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Kọ́bọ̀ 5 tuntun, sísì ni wọ́n ń pè é; kọ́bọ̀ 10, ṣílè ni. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá dẹ̀, èmi náà á ní, “Tọ́rọ́ ò sí lápò mi.”

Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ìyá ìyá mi pé, “Màmá, ayé yín mà dáa o! Sísì lásán ń ra oúnjẹ.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ó ń rà á. Ta ló wá ní in?”

Wọ́n ní owó ni wọ́n fi ń lọ ilé-ìwé nígbà náà, ẹ̀gbọ́n àwọn ọkùnrin nìkan ni bàbá wọn sì rí i san fún. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ẹrù ni àwọn ń rù lọ sí ọjà Ìkàrẹ́.

Láti ọjọ́ náà, “good old days” kò yá mi lẹ́nu mọ́. Ó ní ayé dára, kò sọ ẹni tó dára fún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, lálẹ́ òní a ó jẹ, a ó mu, a ó sọ ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn tí owó lé kúrò ní kíláàsì pẹ̀lú. Bí ṣílè ṣe rí fún màmá mi, bẹ́ẹ̀ ni owó ìdánwò WAEC rí fún ọmọ mìíràn ní Ògbàgì lónìí. Kí ayé tiwa náà tó di ìtàn lẹ́nu wọn, ẹ jẹ́ ká dá tọ́rọ́-tọ́rọ́ jọ, ká bá wọn san án.