Iná Orí Òkè: Ìwà Ẹ̀dá àti Ọ̀làjú nínú Ìwé Lord of the Flies

 

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè bá akẹ́kọ̀ọ́ jíròrò nípa ìwà ẹ̀dá àti ọ̀làjú nínú ìwé ìtàn àròsọ kan tó ti di ìwé àgbà. Mo mú Lord of the Flies, tí William Golding kọ, tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber sì tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ́dún 1954. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ẹranko ni ọmọ ènìyàn, pé aṣọ lásán ló bò ó lára. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí kà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ọ̀làjú, àti pé ọjọ́ tí a bá pa iṣẹ́ náà tì, ibi tó wà nínú wa yóò rí àyè.

Ẹni tó kọ ìwé náà

Lọ́dún 1911 ni wọ́n bí Golding ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ ni. Ilé ìwé àwọn ọmọkùnrin ní Salisbury ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó mọ bí ọmọkùnrin ṣe ń ṣe nígbà tí olùkọ́ bá yí ẹ̀yìn padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó di ọmọ ogun ojú omi. Ó wà lára àwọn tó lépa Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, lọ́dún 1941. Lọ́dún 1944, òun ni ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy. Ogun parí, ó padà sí kíláàsì, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ẹni tó kàwé, tó sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, lè fi ojú ọmọnìkejì rẹ̀ rí.

Ìwé kan tún wà tó fẹ́ dá lóhùn: The Coral Island, tí R. M. Ballantyne kọ lọ́dún 1857. Nínú ìyẹn, ọmọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta bá ara wọn ní erékùṣù kan, ìwà wọn sì gún régé. Àwọn àjèjì ló ń mú ibi wọlé. Golding mú orúkọ Ralph àti Jack nínú ìwé Ballantyne, ó sì gbé ibi náà kúrò lára àjèjì, ó fi í sí ọkàn àwọn ọmọ fúnra wọn. Lọ́dún 1983, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀. Ó kú lọ́dún 1993.

Ojú ìwé wo ni nǹkan ti bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí ìtàn náà. Ogun ńlá ń jà láyé. Wọ́n ń kó àwọn ọmọkùnrin kan sá, bàálù tí wọ́n wọ̀ já sí erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Àgbàlagbà kan kò yè. Ralph àti Piggy rí ìkarahun ńlá kan, Ralph fọn ọ́n bí ìwo, àwọn yòókù gbọ́, wọ́n sì péjọ. Wọ́n dìbò, wọ́n fi Ralph jẹ olórí. Wọ́n ní kí Jack, olórí ẹgbẹ́ akọrin, máa darí àwọn ọdẹ. Wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ìkarahun bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó máa sọ̀rọ̀. Wọ́n fi awò ojú Piggy dáná sórí òkè kí ọkọ̀ tó bá ń kọjá lè rí èéfín. Àpérò, ìbò, òfin, pínpín iṣẹ́: kí oòrùn ọjọ́ kìíní tó wọ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Bí olùkọ́ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ló burú jù nínú wọn, wọn a ní Jack ni, tàbí Roger, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ rẹ̀. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ wo ara rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn ni pé: ojú ìwé wo ni nǹkan ti bàjẹ́? Kí wọ́n ṣí ìwé, kí wọ́n wá a, kí wọ́n sì gbèjà ìdáhùn wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè mú ibi tí Roger ti yí àpáta lu Piggy, tí ìkarahun náà fọ́ yángá. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀. Òmíràn lè mú alẹ́ tí wọ́n pa Simon, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, nínú ijó, tí òjò àti àrá ń bọ̀ lórí wọn. Ìyẹn náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí Ralph àti Piggy, àwọn tí a fẹ́ràn, wà nínú agbo náà. Simon ń bọ̀ wá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń pè ní ẹranko lórí òkè, tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, òkú ọmọ ogun òfurufú ni, tó já bọ́ láti inú ogun àwọn àgbàlagbà. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ ní ìpàdé pé ó lè jẹ́ àwa fúnra wa là ń bẹ̀rù. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Orí kẹrin ni èmi máa ń darí wọn sí. Níbẹ̀ ni Roger ti ń sọ òkúta sí ẹ̀bá ọmọ kékeré kan, tó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó tàsé. Kò sí bàbá, kò sí olùkọ́, kò sí ọlọ́pàá nítòsí, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ilé ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Níbẹ̀ náà ni Jack ti fi amọ̀ àti èédú kun ojú, tí ìtìjú sì kúrò lójú rẹ̀. Níbẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú omi kan ti kọjá lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí iná orí òkè ti kú, nítorí àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ ti bá Jack lọ pa ẹlẹ́dẹ̀.

Lójú tèmi, ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kórìíra iná náà, ẹnikẹ́ni kò pète pé kó kú. Wọ́n rí ohun tó dùn ju ìṣọ́ lọ ni. Ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò láti kọ́ àtíbàbà. Nígbà tó yá, Ralph àti Simon nìkan ló kù nídìí iṣẹ́, àwọn yòókù ti lọ lúwẹ̀ẹ́. Ìpàdé kún fọ́fọ́, ọwọ́ iṣẹ́ kò ju méjì lọ. Báyìí ni ìlú ṣe ń bàjẹ́.

Ibi tó yẹ kí a ti bá Golding jiyàn

Golding fi ojú kíkùn, ijó agbo àti ọ̀kọ̀ ṣe àmì pé àwọn ọmọ náà ti di aláìlajú. Òótọ́ ni pé ó dá ìgbéraga àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́, nítorí Jack ló kọ́kọ́ fọ́nnu pé àwọn kì í ṣe aláìlajú. Ṣùgbọ́n àwòrán tó lò, ọwọ́ àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀yà mìíràn ló ti gbà á. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá sọ èyí láìbẹ̀rù. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bo ojú kò bọ́ lọ́wọ́ òfin. Eégún ní ìdílé, ó ní àkókò, ó ní ibi tí kò gbọdọ̀ dé, atọ́kùn sì ń darí rẹ̀. Ohun tó sọ ìbòjú Jack di ewu ni pé kò ní atọ́kùn, kò sì sí ẹni tó lè bi í léèrè.

Ẹ wo ìparí ìwé náà pẹ̀lú. Wọ́n dáná sun igbó kí wọ́n lè rí Ralph pa, èéfín yẹn sì ni ọkọ̀ ogun kan rí tó fi yà. Ọ̀gá tó sọ̀ kalẹ̀ wọ aṣọ funfun, ẹnu sì yà á pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lè hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ ńkọ́, iṣẹ́ wo ló ń ṣe lójú òkun? Ẹ bi àwọn ọmọ, kí ẹ sì fún wọn láyè láti ronú.

Àwọn ọmọ mẹ́fà ní ʻAta

Àwọn kan ní Golding purọ́ mọ́ ọmọ aráyé, wọ́n sì ń tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Lọ́dún 1965, ọmọkùnrin mẹ́fà sá kúrò ní ilé ìwé kan ní Nukuʻalofa, olú ìlú Tonga. Wọ́n mú ọkọ̀ apẹja kan láìgbàṣẹ, ìjì bà á jẹ́, òkun sì gbé wọn lọ sí ʻAta, erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Wọ́n lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀ kí Peter Warner, ọ̀gá ọkọ̀ ará Ọsirélíà, tó rí wọn ní September 1966. Wọ́n pín ara wọn sí méjì-méjì fún iṣẹ́ oko, ìdáná àti ìṣọ́. Iná tí wọ́n dá, wọn kò jẹ́ kó kú. Bí ìjà bá dé, àwọn tó ń jà á lọ jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí inú wọn yóò fi rọ̀. Nígbà tí ọ̀kan ṣubú tó kán lẹ́sẹ̀, wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi jinná.

Ṣé èyí já Golding nírọ́? Rárá. Àwọn mẹ́fà náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n mú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, wọ́n sì ń jà. Wọ́n ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kéré níye, èyí ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà wọ́n ni pé wọn kò fi ìṣọ́ sílẹ̀.

ʻAta tún kọ́ wa ní ohun mìíràn nípa ọ̀làjú. Kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ tí àwọn ọmọ náà jẹ níbẹ̀, àwọn tó gbé erékùṣù náà rí ló fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún 1863, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn náà lọ, ọba Tonga sì kó àwọn tó ṣẹ́kù kúrò. Àwọn oníṣòwò ẹrú náà mọ ìwé, wọ́n mọ ìṣirò, wọ́n ní ọkọ̀ àti ìbọn. Àwa tí wọ́n kó ènìyàn wa lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kan náà kò ní gbàgbé pé ìwé àti ẹ̀rọ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀làjú.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn pe nóòtì fún àwọn ọmọ kí wọ́n lọ há a sórí fún ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń ṣọ́ iná ní ilé ìwé tiwọn, ta ló sì ti lọ lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ìwé náà dópin, ẹ kò ní mọ orúkọ tí ìyá àti bàbá Piggy sọ ọ́. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń pè é títí ó fi kú, Ralph pàápàá kò bi í léèrè. Ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní kíláàsì yín. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, ẹ fi pè é, kí ẹ sì dúró tì í nígbà tí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má dúró de àgbàlagbà kí ẹ tó ṣe é.