Páìpù Mẹ́ta, Sìlíńdà Mẹ́rin: Ọ̀rọ̀ Lórí Hẹ́dà Ẹ́ńjìnnì Ford Àtijọ́

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin mẹkáníìkì tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù wá tààrà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ kí n máa sọ pé tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ẹ ó gbọ́ kíìkì sìtátà. Èdè yín ni, èmi kàn yá a lò ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní gúúsù Kalifóníà, bàbá arúgbó kan ń gbé nílé tó tẹ̀ lé tèmi. Ó ní Ford ọdún 1932 kan tí kò ní òrùlé, tí wọ́n sì ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò pátápátá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yà kí i, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì náà ni. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi ti ìka bọ ife omi, tó ń kán an sára àwọn páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Ó kán ti àkọ́kọ́, ó dún ṣìì. Ó kán ìkejì, ó dún ṣìì. Ó kán ìkẹta, omi rọra ṣàn lọ, kò wí nǹkan kan. Bàbá ní, "Èyí ò jó." Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì ibẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ohun mìíràn ni mo ń kà lọ́kàn. Sìlíńdà mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, páìpù mẹ́ta ni mo rí. Mo ní, "Bàbá, ìkẹrin dà?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà nù nínú ife. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá fún yín lónìí.

Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1932 ni ilé iṣẹ́ Ford kéde ọkọ̀ onísìlíńdà mẹ́jọ rẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó ló sábà ń gbé e. Ohun tí Henry Ford ṣe ni pé ó ní kí wọ́n da búlọ́ọ̀kù náà lódindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ẹ́ńjìnnì náà tóbi tó 221 kúbíìkì íǹṣì, agbára ẹṣin 65 ló sì ní. Kò pẹ́ tí èyí tí wọ́n ti lò fi di ọ̀pọ̀ lọ́jà, táwọn ọ̀dọ́ Los Angeles sì ń rà á. Wọ́n á tú mọ́gáàdì rẹ̀ dànù, wọ́n á tú gbogbo ohun tó bá wúwo, wọ́n á wá wà á lọ sí adágún gbígbẹ ní aṣálẹ̀, bíi Muroc àti El Mirage, láti mọ bí yóò ṣe sáré tó. Ọdún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA sílẹ̀ kí eré náà lè ní òfin. Àwọn ológun gba Muroc mọ́ wọn lọ́wọ́, El Mirage ni wọ́n sì ń lò títí dòní. Hot rod ni orúkọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 1948.

Ká padà sídìí páìpù. Mánífóòdù tí ilé iṣẹ́ ń ṣe mọ́ ọkọ̀, irin dídà ni. Ó kúrú, ó nípọn, gbogbo sìlíńdà ló ń tú èéfín sínú ihò kan náà lójú ẹsẹ̀. Hẹ́dà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan ló ní páìpù tirẹ̀, wọ́n á dá rìn díẹ̀, kí wọ́n tó pàdé nínú páìpù ńlá tí wọ́n ń pè ní kọlẹ́kítọ̀.

Kí ló wá dé tí dídá rìn yẹn fi ṣe pàtàkì? Ẹni tó bá ti dúró létí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé bí tírélà bá fi eré kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ á kọ́kọ́ tini sẹ́yìn, lẹ́yìn náà á tún fani bíi pé ó fẹ́ gba aṣọ lọ́rùn ẹni. Èéfín ẹ́ńjìnnì náà nìyẹn. Kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ó ń jáde ní ìdì kọ̀ọ̀kan, bí fáàfù bá ti ń ṣí. Bí ìdì kan bá sáré dé ibi tí páìpù ti fẹ̀ lójijì, ìyẹn ní kọlẹ́kítọ̀, ìfàmọ́ra kan á padà gba inú páìpù wá sẹ́nu fáàfù. Bó bá dé nígbà tí fáàfù èéfín ń pa dé lọ, tí fáàfù afẹ́fẹ́ sì ti ń ṣí, á fa èérí tó kù nínú sìlíńdà jáde, á sì fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Bó bá dé kí àkókò tó tó, tàbí lẹ́yìn tí àkókò ti kọjá, òfo ni. Páìpù gígùn ń bá ẹ́ńjìnnì tó ń yí jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́, èyí tó kúrú ń bá èyí tó ń yí kíkankíkan. Ariwo kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Bó bá jẹ́ pé ariwo ni agbára, dánfó tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ já ni ìbá máa gba ẹ̀bùn níbi eré ìdíje ọkọ̀ ní Indianapolis.

Wàyí o, Ford tiwa yẹn. Flathead ni wọ́n ń pè é, nítorí tọ́ọ̀pù sìlíńdà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní fáàfù nínú. Inú búlọ́ọ̀kù ni fáàfù rẹ̀ wà, èéfín sì gbọ́dọ̀ la àárín búlọ́ọ̀kù kọjá, láàárín omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára, kó tó yọrí síta. Abájọ tí ẹ́ńjìnnì náà fi máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀! Sìlíńdà méjì ìpẹ̀kun ní ihò tiwọn. Méjì àárín, ihò kan ni wọ́n jọ ń lò. Páìpù kẹrin tí mò ń wá kò fìgbà kan sí.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ẹsẹẹsẹ tí iná fi ń ṣẹ́ nínú rẹ̀ ni 1-5-4-8-6-3-7-2. Ọ̀tún ló ni 1 sí 4, 2 àti 3 sì ni àwọn alájọlò ihò. Láti ìgbà tí 3 bá ṣáná sí ìgbà tí 2 bá ṣáná, dígírì 180 péré ni kìráńkì yí. Bẹ́ẹ̀ fáàfù èéfín ń wà ní ṣíṣí ju dígírì 180 lọ. Nígbà tí 2 bá ṣílẹ̀kùn, 3 kò tíì ti tirẹ̀. Àfi bí ìdílé méjì tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde láàárọ̀ Iléyá: ẹni tó ń jáde bọ̀ ti ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán padà sínú yàrá. Lápá òsì, 6 àti 7 ló ń bá ara wọn fa irú wàhálà kan náà.

Àwọn kan máa ń gé irin pẹlẹbẹ tínrín, wọ́n á tì í bọ ihò àárín yẹn, kó lè pín in sí méjì débi tó bá lè dé. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sí hẹ́dà tí ẹ lè rà lọ́jà tí yóò yanjú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù. Èrò mi nìyí, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kalifóníà kò sì fẹ́ gbọ́ ọ: ẹni tó bá ń ra hẹ́dà fún flathead tí kò tíì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, ohùn àti ẹwà ló ń rà. Kò burú. Ohùn flathead tó ní sàlẹ́ńsà méjì, mo ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun. Kó ṣáà má retí pé agbára ẹṣin 65 á di 100.

Ọdún 1955 ni Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ dé: 265 kúbíìkì íǹṣì, agbára ẹṣin 162, fáàfù wà lókè nínú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní ihò èéfín tirẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ ra flathead lórí lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀, wọ́n ń ki Chevrolet bọ inú Ford. Ibí yìí ni hẹ́dà ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ibí yìí náà ni ojú ti tì mí. Bàbá ní Ford kejì, ti ọdún 1934, Chevrolet 283 ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ ra hẹ́dà tí fífẹ̀ páìpù rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1½. Mo ní rárá. Mo mú bírò, mo ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí ìyípo 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, mo ní íǹṣì 1¾ ló tọ́. Ó bọ̀wọ̀ fún ìwé mi, ó rà á. Nígbà tí a de hẹ́dà náà mọ́ ọkọ̀ tán, tí iná ojú títì bá ti yọ̀ǹda, ńṣe ló máa ń rọra wọ́ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Èéfín tó yẹ kó sáré nínú páìpù tóóró wá ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ nínú páìpù gbàgàdà. Ó dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké gan-an kó tó jí, Bàbá kì í sì í jẹ́ kó ké débẹ̀. Ọjà ló ń wà á lọ, àti ilé ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kàwé, mo gbàgbé láti bi onímọ́tò pé níbo ló ń lọ.

Nítorí náà, fún 265 tàbí 283 tí ń rìn láàárín ìlú, 1½ tó. Fún 350 tí kò le púpọ̀, 1⅝ ni. 1¾ wà fún ẹni tó ti pààrọ̀ káàmù àti tọ́ọ̀pù sìlíńdà, tó sì ń sáré ní tòótọ́. Ó tún ku bí páìpù ṣe ń pàdé. Nínú Chevrolet yìí, 1-8-4-3-6-5-7-2 ni iná ń tẹ̀ lé: 5 àti 7, tí wọ́n fara kanra lápá òsì, ń ṣáná tẹ̀ léra pẹ̀lú dígírì 90 péré. Bí ẹ bá da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin apá yẹn, 1, 3, 5 àti 7, pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjì yìí á máa dí ara wọn lọ́nà. Àwọn kan wá ń so 1 mọ́ 5, wọ́n ń so 3 mọ́ 7, kí méjèèjì tó wá di ẹyọ kan. Irú rẹ̀ ni Carroll Shelby, tó ń ṣe ọkọ̀ eré, fi sínú Mustang GT350 ọdún 1965, ó sì dára púpọ̀ fún ọkọ̀ ojú títì. Ẹ má sì rò pé òwò páìpù jẹ́ òwò kékeré: ọkọ̀ tó gba ipò kìíní ní Indianapolis lọ́dún 1957 àti 1958, orúkọ Belond, aṣe-ẹ̀sọ́ọ̀sì ará Kalifóníà, ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ku dídè. Ẹ má de hẹ́dà mọ́ ẹ́ńjìnnì tó so rọ̀ lórí ẹ̀wọ̀n. Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, kí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ wà lórí táyà. Lápá òsì, sítíárìn ni ọ̀tá yín. Kí ẹnì kan yí i lọ sọ́tùn-ún títí, kó yí i lọ sósì títí, kí ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí àyè àárín sítíárìn àti páìpù kò bá gba ìka kan, kò tó, torí ẹ́ńjìnnì máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn. Lápá ọ̀tún ti Chevrolet, ẹ wo kíìkì sìtátà. Páìpù tó bá sún mọ́ ọn jù á sè é. Àárọ̀ á ṣiṣẹ́. Ẹ ó dúró ra epo lọ́sàn-án, kò ní dáhùn mọ́. Ẹ ti sípánà bọ ìdí pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó de ohunkóhun pa. Mo ti rí hẹ́dà kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì keje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú hẹ́dà.

Hẹ́dà kan tí èmi náà rà ní ọjà àlòkù Pomona, mi ò yẹ ojú irin rẹ̀ wò. Ẹni tó tà á fún mi ti jó o débi pé irin ìdè rẹ̀ ká bí ẹnu ọkọ̀ ojú omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló jẹ kí n tó gbé rúlà irin lé e, tí mo rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ láàárín. Rúlà yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá ń de bóòtù, ẹ fọwọ́ wọ gbogbo wọn kí sípánà tó kan èyíkéyìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ pa á, kó tutù pátápátá, kí ẹ tún wọn dè. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Irin tó gbóná ń fẹ̀, èyí tó tutù ń súnkì, bóòtù ló ń jìyà láàárín wọn.

Bí ẹ bá gbọ́ tíkí-tíkí láàárọ̀ tó ń dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, èéfín ló ń jò lẹ́nu gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn gba ìdí sàlẹ́ńsà wọlé nígbà tó tutù, ẹ da omi ọṣẹ sí ojú ìdè, ibi tó bá ń hó ni. Ẹ yẹ káábúrétọ̀ wò náà, torí ẹ́ńjìnnì tó ti ń mí dáadáa lè máa fẹ́ epo díẹ̀ sí i. Ní ti aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù nítorí ooru, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń gba omi mọ́ra, irin lásán á sì dípẹtà lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ rí i. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná sórí aṣọ, ẹ ná an sórí ọ̀dà sẹ̀rámíìkì.

Mo rí i pé bàbá mẹkáníìkì tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ti ń nawọ́ látìgbà tí mo ti dárúkọ kíìkì sìtátà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé máíkì dé ọ̀dọ̀ wọn.