Ẹrù Ẹni Tó Ń Lọ Sókè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan nínú ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Òkìtìpupa

  

Akọ̀wé wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìròyìn. Mo ní rárá. Láàrin oṣù mẹ́ta tó kọjá, mẹ́rin nínú sẹ́ẹ̀tì wa ló ti pè mí lórí fóònù, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó bi mí léèrè ìròyìn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Báwo lo ṣe kó ẹrù rẹ lọ? Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ? Ṣé kí n gbé blẹ́ńdà dání?" Mo wá rò ó pé kí n kúkú dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà níwájú yín, kí owó fóònù lè sinmi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ṣì wọ́n bí ojú, ọkọ̀ ojú omi ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wọ̀ lọ sí Ìlú Ọba. Ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ló ni ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní 1951, tó sì ń ná an títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú omi. Àpótí ńlá ni wọ́n ń kó ẹrù sí, wọn a sì lẹ ìwé mọ́ ọn lára. Èyí tí wọ́n bá kọ "Wanted on Voyage" sí ni ti ohun tí èrò máa lò lójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n bá kọ "Not Wanted on Voyage" sí, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ, olówó ẹ̀ kò sì ní fojú kàn án mọ́ títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé pélébé yẹn púpọ̀. Ó ń fipá mú èèyàn pín ẹrù ẹ̀ sí méjì kó tó kúrò nílé. Àwa tí à ń wọ bàálù, a kì í pín nǹkan kan. Gbogbo ẹ̀ la fẹ́ kó.

Èmi náà kó gbogbo ẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni mo lọ kàwé sí i ní ìlú kan lápá àríwá England. (HND ni mo gbà ní poli. Ẹ̀yin náà mọ ojú tí wọ́n fi ń wo HND nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Báàgì méjì ni tíkẹ́ẹ̀tì mi gbà, kìlógíráàmù 23 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi ọwọ́ gbé e nílé, mo ní ó ti tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé orí ìwọ̀n ní pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀kan jẹ́ 27, èkejì jẹ́ 26. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwọ̀n kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn dárúkọ owó. Nígbà tí mo gbọ́ iye tó pè, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì tú báàgì mi láàrin èrò. Ohun tó kọ́kọ́ yí jáde ni pupuru. Màmá mi ti fi aṣọ wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ ni, ó rí roboto, ó dúdú bí òkúta inú ààrò. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà bi mí bóyá iṣẹ́ òkúta ni mò ń ṣe. Ọmọ Ìkálẹ̀ kan tún wà lórí ìlà yẹn o, òun ló bá mi kó o, ó sì bẹ̀ mí fún méjì!

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ ra ìwọ̀n kékeré aláfọwọ́kọ́ yẹn, kò wọ́n. Bí ẹ bá rí i pé ẹrù máa ju iye tí tíkẹ́ẹ̀tì gbà lọ, ẹ ra ààyè báàgì kẹta sílẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn tó pé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń dín sí iye tí wọ́n ń gbà lójú ìwọ̀n. Báàgì kan kò sì gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 32 lọ rárá, iye yòówù kí ẹ fẹ́ san, nítorí èèyàn ló ń fi ọwọ́ gbé e. Páwà-báǹkì kì í wọ inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù, ọwọ́ ni ẹ ó mú un dání. Ní ti Ghana-must-go, tí a ti ń pè bẹ́ẹ̀ láti 1983 tí ìjọba lé àwọn ará Gánà lọ, àwọn bàálù kan kì í gbà á àfi tó bá wà nínú páálí.

Ó ku ẹrù tí kò bá yín wọ bàálù. Ibí yìí ni owó ti ń jóná, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwọn tó ń fi bàálù gbé ẹrù ránṣẹ́ kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo bí páálí ṣe tóbi tó. Ká ní páálí yín gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 45, tó sì ga ní 45. Ẹ fi 60 lọ́nà 45, kí ẹ tún fi lọ́nà 45, ó di 121,500. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń fi 5,000 pín in, ó di 24.3. Nítorí náà, bó jẹ́ ìrọ̀rí àti búláńkẹ́ẹ̀tì tí kò ju kìlógíráàmù 8 lọ ló wà nínú ẹ̀, owó kìlógíráàmù 24 àti díẹ̀ ni ẹ máa san. Afẹ́fẹ́ lẹ sanwó ẹ̀ yẹn. Ìrọ̀rí wà lọ́hùn-ún, kò sì wọ́n. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín.

Ti ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀. Ààyè tí ẹrù gbà nínú kọ̀ǹténà ni wọ́n ń ṣírò, wọ́n ń pè é ní kúbíìkì mítà. Irú páálí tí mo wọ̀n yẹn, mẹ́jọ ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kúbíìkì mítà kan. Àwọn aṣojú máa ń ní iye tó kéré jù tí wọ́n lè gbà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gbé páálí méjì wá lè san owó ẹni tó gbé mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn mẹ́rin tó pè mí pé kí wọ́n dá àjọ. Mẹ́ta nínú wọn ń lọ sí ìlú kan náà, oṣù kan náà. Kí ló dé tí wọ́n á fi gbé ẹrù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ẹ pa á pọ̀, ẹ pín owó ẹ̀ níwọ̀n bí páálí kálukú ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kí oníkálukú ní ìwé àkójọ ẹrù tiẹ̀, kó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ di ẹrù ẹ̀. Èmi ò lè bá ẹnikẹ́ni gbé páálí tí mi ò bá a dì, ì báà ṣe ọmọ ìyá mi.

Ẹ má ṣe rò pé mo le jù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n mú ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Nàìjíríà, ní Saudi Arabia, nítorí báàgì kan tí oògùn tramadol wà nínú ẹ̀ tí àwọn oníjìbìtì fi orúkọ ẹ̀ sí ní pápákọ̀ òfuurufú Kano. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò báàgì yín lórí ìwọ̀n, ẹ ka iye báàgì tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ lórúkọ yín, kí ẹ sì tọ́jú pélébé ìwé tí wọ́n bá fún yín títí ẹ ó fi délé.

Ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń kó lọ máa gbé ní Ìlú Ọba lè gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n má gba owó orí lórí ẹrù tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù ToR1 ni wọ́n ń kọ fún un. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé lẹ́yìn odi ibẹ̀ fún oṣù 12 gbáko, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ ní ẹrù ọ̀hún lọ́wọ́ fún oṣù 6 ó kéré tán. Ẹ tètè kọ ọ́ kí ẹrù tó wọkọ̀, torí nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín ni aṣojú máa fi gbà á sílẹ̀. Láìsí i, wọ́n lè gba VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye ẹrù yín, pẹ̀lú owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdáríjì tirẹ̀ fún aṣọ àti ohun ìkàwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Kánádà, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé ni kí ẹ ti kọ àkójọ ẹrù tó ń bọ̀ lẹ́yìn fún wọn. Tí Amẹ́ríkà, ohun èlò ilé tí ẹ ti lò tó ọdún kan kì í gba owó orí. Aṣọ tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tó ṣì wà nínú ọ̀rá, ìyẹn kò sí nínú gbogbo àánú tí mo kà yìí.

Blẹ́ńdà ńkọ́? Iná Ìlú Ọba àti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, fólítì 230, kódà púlọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin wa náà ni wọ́n ń lò. Ẹ lè gbé e lọ síbẹ̀. Amẹ́ríkà àti Kánádà, fólítì 120 ni tiwọn. Ẹ fi blẹ́ńdà sílẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, Ìlú Ọba kì í gba ẹran láti ọ̀dọ̀ wa rárá, ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, kílíṣí, gbogbo ẹ̀ ni, tó fi dórí wàrà. Ẹja gbígbẹ ní ìwọ̀nba tí wọ́n gbà. Iṣu gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àìlárùn láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí i. Ẹ̀wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Láti 2015 ni àwọn ará Yúróòpù ti fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa, nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Ọwọ́ ara wa la fi ba ìyẹn jẹ́. Gààrí àti pupuru kò bá mi ní wàhálà kankan, àfi pé ẹni tó ń wo ẹ̀rọ ní kí n gé ọ̀kan sí méjì kí òun wo inú ẹ̀.

Ẹ tún béèrè dáadáa bóyá náírà ni aṣojú yín ń gbà tàbí pọ́n-ùn. Nígbà tí mo lọ ní 2022, ó ṣì ṣe é fara dà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà, ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣe àdéhùn ní pọ́n-ùn kó tó di ìgbà yẹn, tí kò sì tètè san, rí i pé iye pọ́n-ùn kò yí, náírà tó máa fi rà á ló ju ìlọ́po méjì lọ nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Bí owó bá wà lọ́wọ́, ẹ san án kíá.

Mo fẹ́ sọ ti páálí tèmi báyìí, lẹ́yìn náà n ó jókòó.

Páálí méjì ni mo fún aṣojú kan ní Èkó kí n tó lọ. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Mo dé England, òtútù dé bá mi, kóòtù mi wà nínú páálí. Oṣù kọkànlá kọjá, Kérésìmesì kọjá. Bí mo bá pè é, á ní ọkọ̀ ti gbéra. Bí mo bá tún pè é, á ní ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Oṣù kejì ọdún 2023 ni ẹrù tó kan mi lọ́wọ́. Mi ò ka ìwé àdéhùn kí n tó fọwọ́ sí i. Kò sí ìdójútòfò níbẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kankan tí ó fi ara ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù, mi ò lè fi lé aṣojú lórí. Màmá mi fún mi ní kégì epo pupa. Mo ní kò ní ṣeé ṣe, ó ní ọmọ Òkìtìpupa wo ló ń lọ ra epo ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó. Mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í sáàárín aṣọ. Inú páálí kan náà ni mo kó kásẹ́ẹ̀tì méjì sí. Kásẹ́ẹ̀tì Comfort Omoge ni ọ̀kan nígbà tí bàbá mi rà á. Àsìkò ló wà lójú kìíní, ṣùgbọ́n bàbá mi ti gba ohùn ara ẹ̀ sí ojú kejì ní 1994, níbi tó ti ń ka ìtàn ìdílé wa fún àwọn àbúrò ẹ̀, bí wọ́n ṣe dé ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ta ló bí ta ni. Kò sí ibòmíràn tí ohùn ẹ̀ wà. Mo rò pé ní England ni wọ́n ti máa bá mi gbé e sórí kọ̀ǹpútà dáadáa. Ẹ wò ó, wọ́n ń ṣe é ní Èkó, mo sì mọ̀!

Oṣù márùn-ún nínú kọ̀ǹténà onírin, nínú oòrùn. Ìdérí kégì yẹn kò mú. Nígbà tí mo tú páálí, epo ti wọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì fún gbìyànjú, ó fọ̀ ọ́, ó tún un lọ́. Àsìkò ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ojú kejì, ariwo ni.

Ó tó ọdún kan kí n tó lè sọ fún màmá mi. Orí fóònù ni mo ti sọ ọ́. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé láìnì ti já. Ó wá ní, "Ṣé gbogbo epo náà ló dà nù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ní òun á wá òmíràn.

Nítorí náà ẹ̀yin mẹ́rin, àti ẹnikẹ́ni tó bá tún ń múra, fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí yín, ìwé ilẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sórí fóònù kí ẹ tó fọwọ́ kan páálí, kí ẹ sì fi ojúlówó sílẹ̀ nílé. Ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé yín, ọwọ́ ni kí ẹ mú un dání. Mo ti mú ẹ̀dà ìwé àkójọ ẹrù tèmi wá, ó wà lórí tábìlì akọ̀wé níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà, kó rí mi kí n tó padà sí Èkó lọ́la.