Ẹnu Ni Ẹnu-Ọ̀nà Ara: Àsọyé lórí Ìtọ́jú Ehín

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ehín kò tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ehín ti gba oorun lójú rẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn àgbà wí pé funfun niyì ehín. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n funfun nìkan kò tó, nítorí ehín kò dá dúró. Ẹran ni ó yí ìdí rẹ̀ ká, ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú ẹran náà, ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ni ó sì ń lọ káàkiri gbogbo ara. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ehín, gbogbo ara ni kí ó tọ́jú.

Èkínní, kí ni ó ń jẹ ehín? Bí ihò bá lu ehín, a máa ń wí pé kòkòrò ni ó wọ̀ ọ́, a ó sì máa wá oògùn tí yóò lé e jáde. Kò sí ìdin kankan níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, fi ehín tí a ti fà yọ sínú itọ́ tí a pò mọ́ búrẹ́dì, ehín náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1890, ó fi hàn pé àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ẹnu a máa sọ oúnjẹ wa di omi kíkan, omi kíkan náà ni ó sì ń jẹ ehín. Ẹ kíyè sí i pé àwa fúnra wa ni a ń bọ́ wọn. Ìgbàkúùgbà tí a bá fi ohun dídùn sẹ́nu, kíkan náà a máa wà níbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kí itọ́ tó ṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí náà ọmọ tí ó mu ohun ẹlẹ́rìndòdò tán lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju ọmọ tí ó ń fi ẹnu kàn án láti òwúrọ̀ di alẹ́. Èyí tí kò mu ún rárá sì sàn ju àwọn méjèèjì lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ pákò. Àwọn baba wa kì í fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó rún orín. Orín ata wà, tí ń ta ẹnu. Orín ìdí wà. Pákò Ìjẹ̀bú sì wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi hàn pé omi inú àwọn kan nínú pákò wa a máa dá kòkòrò àìfojúrí dúró nínú àwo ìdánwò. Ṣùgbọ́n àwo ìdánwò kì í ṣe ẹnu. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú rún pákò kì í dé ẹ̀yìn ehín, pákò líle a sì máa ṣá ẹran ìdí ehín lọ́gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fún ehín ní fulóráìdì bí ọṣẹ ìfọyín ti ń ṣe. Ní ọdún 1945 ni ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà fi fulóráìdì sínú omi ẹ̀rọ, ehín tí ń jẹrà lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀ sì dínkù gidigidi. A kò wí pé kí ẹ ju pákò nù. A wí pé kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tí ó ní fulóráìdì kún un lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹ má sì ṣe fo ti alẹ́, nítorí itọ́ a máa dínkù nígbà tí a bá sùn.

Ẹ̀kẹta, àrùn ìdí ehín àti àtọ̀gbẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ burúkú. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ìdí ehín rẹ̀ a máa tètè bàjẹ́. Bí ìdí ehín bá sì bàjẹ́, a máa mú kí ó ṣòro láti kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní ìjánu. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìdí ehín rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó lọ bá dókítà ehín, kí ó sì jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tí ń fa tábà, kí ó jáwọ́. Tábà a máa ba ìdí ehín jẹ́, a sì máa fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù lọ́kàn wa, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Bí ọmọ oṣù mẹ́fà bá ń ṣu gbuuru, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ìyá àgbà a wí pé, “Ehín ló ń hù,” aládùúgbò a sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ehín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í sì í fa ibà líle. Ìgbà tí ehín ń hù ni ọmọ ń rákò, tí ó ń fi gbogbo ohun tí ó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu. Ìgbà náà pẹ̀lú ni agbára tí ó gbà lára ìyá rẹ̀ láti kọ àrùn ń tán lọ. Ìdọ̀tí ni ó wọlé, a sì ń dá ehín lẹ́bi, títí omi ara ọmọ yóò fi gbẹ. Ẹ má ṣe dúró de ehín. Ẹ máa fún ọmọ ní ọmú àti omi iyọ̀-àti-ṣúgà, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Àrùn kan sì wà tí a ń pè ní Noma. A máa bẹ̀rẹ̀ bí egbò ní ìdí ehín ọmọdé, ní pàtàkì ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, tàbí tí eéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lulẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ a jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ já. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ń kú. Bí a bá tètè rí i, oògùn, oúnjẹ àti ìfọ ẹnu a máa wò ó sàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì. Kí ni ó tún lè fi hàn jù èyí lọ pé oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹnu mímọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jùmọ̀ ń tọ̀?

Ẹ̀yin ará, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Láti ìgbà tí ehín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kí a ti máa fọ̀ ọ́. Ní bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ehín ńlá kan a máa hù lẹ́yìn gbogbo ehín wàrà. Nítorí pé ehín kankan kò ká kí ó tó hù, ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé yóò ká bí ti ìyókù. Kò ní ká. Ehín tí ọmọ náà yóò fi jẹun dọjọ́ ogbó ni. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ tan iná, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín la ẹnu, kí ẹ sì wò ó.