Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Adití ní Ìkirè?

(ORIN ÌDÁNIMỌ̀ ÈTÒ. DÙǸDÚN. KÍ Ó RỌLẸ̀ LÁBẸ́ Ọ̀RỌ̀.)

ATỌ́KÙN: Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ la wà lónìí. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá odò Ọ̀ṣun, kì í pẹ́ tí àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè fi ń sáré bá a. Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé. Apòmù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, wà nítòsí rẹ̀ gbágbá. Ilẹ̀ Orílẹ̀-Òwu náà kò jìnnà, ìlú tí ogun tú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì fọ́n ká títí dé Abẹ́òkúta. Ní Ìkirè yìí kan náà ni ọgbà Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń kọ́ èdè, àṣà àti ìmọ̀ ẹ̀dá èdè wà. Ẹ fi ọgbà náà sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan àwọn àkàndá ẹ̀dá nípọ̀sì. Òfin náà ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé fásitì, ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń kọ́ irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní kí ìwé afọ́jú àti èdè adití wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ wá ro gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà láti Ìkirè dé Apòmù, títí dé àwọn abúlé Orílẹ̀-Òwu. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn! Ibo la ti fẹ́ rí wọn?

(DÙǸDÚN FÚN ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ MÉLÒÓ KAN.)

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1977, ọdún kan náà tí ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa kọ́kọ́ jáde. Fásitì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Fásitì Jos.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dìde, adití kan ti ń ṣiṣẹ́ náà láàrin wa. Andrew Foster lorúkọ rẹ̀, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Alabama lọ́dún 1925. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírunyírun di òun àti arákùnrin rẹ̀ létí. Lọ́dún 1954 ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Lọ́dún 1957 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gánà; nígbà tó di 1960, ó kan Ìbàdàn. Kó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda lọ́dún 1987, ilé-ẹ̀kọ́ adití tó dá sílẹ̀ kárí Áfíríkà ti lé ní 30. Adití ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọwọ́ méjèèjì to lẹ́tà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì ṣàkóso wa. Síbẹ̀ ọwọ́ kan ni adití Nàìjíríà ń lò, bíi ti Amẹ́ríkà. Foster ló fa ìyẹn. Kò sì fi mọ sórí ọmọdé: ó ń kó àwọn adití jọ sí Ìbàdàn, ó ń sọ wọ́n di olùkọ́.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí? Ó ń kọ́ ìwé afọ́jú, èyí tí Louis Braille, ọmọ Faransé tí kò ríran, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1824. Ojú àmì mẹ́fà péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà 63 ni a lè gbà tò wọ́n. Bí ó bá ń fi irin gún un, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ti máa bọ̀ sí òsì, torí ẹ̀yìn ìwé ni àmì ń yọ sí. Bó bá yí ìwé padà, ìka á wá kà á láti òsì. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń dán etí wò. Ó ń kọ́ nípa ọmọ tí ojú àti etí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kì í dúró sójú kan fún, èyí tí a máa ń pè ní olódo tí a sì ń nà láìṣẹ̀. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ náà wà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò bèèrè fún un. Òfin tàbí ìṣègùn ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máákì kò gbé wọn débẹ̀, ni wọ́n bá bára wọn níbí. Àwọn ẹbí á ní, "Ṣé adití lo fẹ́ máa kọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí Yorùbá kọ́ ló ni ín. Àwọn baba wa gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni afín, abuké àti arọ ti wá. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ nìkan kò kọ́ ọmọ ní A, B, D.

(ORIN KÚKÚRÚ.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọgbà Ìkirè. Èrò tèmi ni pé irú ọgbà kékeré bẹ́ẹ̀ ló yẹ iṣẹ́ yìí jù. Èdè ọwọ́, ojú la fi ń gbọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn tí ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́ kún, ẹni tó jókòó lẹ́yìn kò lè rí ìka olùkọ́. Nínú kíláàsì kékeré, olùkọ́ á di ìka akẹ́kọ̀ọ́ mú, á tún un ṣe.

Ohun kejì wuyì lójú mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé tí adití ń gbé, ìyá àti ọmọ a máa ní èdè ọwọ́ tiwọn: ti oúnjẹ, ti oko, ti owó, ti ẹni tó kú. Onímọ̀ ẹ̀dá èdè kan, Ọlánikẹ̀ẹ́ Ọlá Orie, ti ṣèwádìí lórí èdè ọwọ́ Yorùbá. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní Ìkirè lè wọ inú Apòmù àti Orílẹ̀-Òwu, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí olùkọ́ bá ọmọ nílé kó tó mú un dé èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ Fásitì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ fi ètò sandwich, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún àwọn olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó nílé ní Ìkirè yóò kọ́ ọ ní Ìkirè, yóò sì dúró ní Ìkirè.

Ẹ̀yin òbí, adití kò lè gbọ́ ètò yìí. Ẹ̀yin tó gbọ́, ẹ bá wa jíṣẹ́. Bí ọmọ bá pé ọdún kan, tí a ń pe orúkọ rẹ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹ má dúró dìgbà tó bá tó ilé-ìwé lọ.

(ORIN ÌDÁNIMỌ̀ ÈTÒ.)