Ọkọ̀ Kò Bàjẹ́ Púpọ̀, Ara Ni Ó Bàjẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ní Arándùn)



Ní ọjọ́ kan tí mo ń ti Òmù-Àrán bọ̀ wá sílé, ọkọ̀ kan kọ lu tiwa láti ẹ̀yìn. Iná ẹ̀yìn nìkan ni ó fọ́. Awakọ̀ náà bẹ̀bẹ̀, a sì dárí jì í. Ní ọjọ́ kejì, n kò lè yí ọrùn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tọ́jú rẹ̀; owó ara mi ni mo ná.

Ẹ jọ̀wọ́, a kì í fi irin wọn ara ènìyàn. Irin lè má tẹ̀, kí orí mì síwá sẹ́yìn, kí iṣan ọrùn sì fà.

Láti inú òfin ọdún 1945 ni ó ti di dandan ní Nàìjíríà pé kí ọlọ́kọ̀ ní ìwé ìnṣọ́ránsì nítorí ẹni tí ó bá ṣe léṣe. Òfin ọdún 2025 sì tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́mbà ọkọ̀ náà àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹ lọ rí dókítà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má ṣe tètè fi ọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má sì ṣe purọ́ ìrora, nítorí irọ́ ẹnì kan a máa ba ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ jẹ́.

Ìdáríjì dára, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Àmín.