Òǹkà Tí Kò Lópin

 

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ìjẹta ní Ketu, ọmọdé kan bi wá pé: "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ló kẹ́yìn?" Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín, torí ìbéèrè yẹn ti da àwọn ọlọ́gbọ́n láàmú.

Láyé àwọn baba wa, owó ẹyọ 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ló di mílíọ̀nù. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, kó fi ẹyọ kan lé e, òǹkà tún gùn sí i nìyẹn. Kò sí èyí tó kẹ́yìn. Ìyẹn ò le.

Èyí tó le ni ti Imam Ghazali, tó kú ní 1111. Nínú ìwé rẹ̀ Tahafut al-Falasifa, ó bá àwọn tó ní ayé kò níbẹ̀rẹ̀ jà. Oòrùn ń yí po lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìràwọ̀ Zuhal, tí òyìnbó ń pè ní Saturn, lẹ́ẹ̀kan ní 30 ọdún, bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ nígbà náà. Bí méjèèjì ò bá níbẹ̀rẹ̀, méjèèjì ò lóǹkà. Báwo wá ni ọ̀kan ṣe fi ìlọ́po ọgbọ̀n ju èkejì lọ?

Georg Cantor, ará Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn láti 1874 lọ. Ẹ wo Mile 12. Ẹni tí kò mọ òǹkà lè mọ̀ bóyá alárù àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì dọ́gba: kó sáà gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ru wọ́n. Bí alárù ò bá ṣẹ́ kù, tí apẹ̀rẹ̀ ò ṣẹ́ kù, wọ́n dọ́gba. Ẹ so ìyípo oòrùn kìíní mọ́ ti Zuhal kìíní, èkejì mọ́ èkejì, kò sí èyí tí kò ní ní ẹnìkejì. Lójú tiwa, ìyẹn ò ba ọ̀rọ̀ Imam jẹ́: nọ́ńbà inú ọpọlọ ni Cantor ń sọ, ìyípo tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá ni Imam ń sọ.

Ẹ mú ọ̀kan kúrò nínú ohun tí kò lópin, kò dín. Àbí ohun tó rú ọlọ́jà kan lójú nìyẹn? Obìnrin kan ra ọgọ́rùn-ún ọsàn, ó délé, ó bá mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹni tó tà á ní ṣebí ọsàn pọ̀ láyé. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀, àmọ́ inú àpò obìnrin yẹn kọ́ ló ti pọ̀. A ní kó lọ san mẹ́ta yẹn kó tó ṣínu. Ó lọ.

Ọmọ wa yẹn ò gbà ṣá. Ó ní òun á kà á wò fúnra òun. Kí wọ́n tó pe ìrun Mògàríbà, ó ti dé òjìlérúgba.